Àyẹ̀wò Ọjọ́ Kẹsàn-án: Àkọsílẹ̀ Ọkùnrin Kan Tí Ó Ń Sanwó fún Ìbálòpọ̀

Ọkùnrin tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ yìí fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àdéhùn pé n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò ní sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, n kò sì ní sọ ibi tí wọ́n ń gbé. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀: ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó níyàwó, ó bímọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbé e kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn tí a ti ń tọ́jú àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, iwájú mi ni ó sì jókòó sí lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ wá.

Ohun tí ó bá wá kò gùn. Ó ní, "Mà, àyẹ̀wò HIV ni mo fẹ́ ṣe, kí ọkàn mi lè balẹ̀." A gún un ní ìka, a kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ojú àyẹ̀wò kíákíá, kí ogún ìṣẹ́jú sì tó pé, ìlà kan ṣoṣo ni ó yọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò náà kò rí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dìde. Bí mo bá jẹ́ kí ó lọ nígbà náà, ìwé wa ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní kòkòrò kankan lára, òun náà ì bá sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún jókòó, mo sì bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni ohun tí ó ń dẹ́rù bà yín yìí ṣẹlẹ̀?" Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó ní ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí.

Àyẹ̀wò tí a fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe yìí kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá, ara kì í sì í pèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 23 sí ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tó lè rí i. Èyí tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ṣe ní lábù, tí ó ń wá èròjà ara pọ̀ mọ́ p24, ìyẹn apá kan lára kòkòrò náà gan-an, máa ń rí i láàárín ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 45. Èyí tí ó ń wá àbùdá kòkòrò náà tààrà ni ó yá jù, ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 33 ni tirẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án kò bọ́ sínú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èsì tí ọkùnrin yìí fẹ́ gbé lọ sílé ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sọ ohunkóhun nípa alẹ́ tí ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Títí di àkókò yẹn, n kò mọ̀ pé ó ń sanwó fún ìbálòpọ̀. Ìwé tí a fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá ní àlàfo fún obìnrin tí ó ń gba owó, ṣùgbọ́n kò ní àlàfo fún ọkùnrin tí ó ń san án, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bí obìnrin ṣe lè máa gba owó tí kò sí ọkùnrin tí ń san owó. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ a wọlé, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ó ti gbéyàwó," a sì kà á mọ́ àwọn tí ewu wọn kéré. Mo bi í láìgbé ohùn sókè, láìsì fi ojú dá a lẹ́jọ́, bóyá ó máa ń fún àwọn tí ó bá lò pọ̀ lówó. Ó wo ògiri fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọdún mẹ́fà, ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù nígbà tí ó bá wà lójú ọ̀nà. Ó fi kún un pé kò sí ẹni tí ó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe àyẹ̀wò ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún mẹ́fà náà.

Ó ní kọ́ńdọ̀mù ni òun máa ń lò, mo sì gbà á gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ó ti mutí, ó ní kí àwọn má lò ó, obìnrin náà kọ̀, ó fi owó kún owó, obìnrin náà tún kọ̀, ó tún fi kún un, obìnrin náà sì gbà. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà àkọ́kọ́ ni pé, "Obìnrin yẹn gbà láti má lo kọ́ńdọ̀mù." Mo kọ ọ́ sínú fáìlì bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, pé ọkùnrin náà ni ó béèrè, tí ó sì fi owó ra á. Mo mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì lè dà bí ọ̀rọ̀ kan náà létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fẹ́ kí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ má tún wáyé ní láti mọ ọwọ́ ẹni tí ìpinnu náà wà.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ṣe láàárín àwọn obìnrin tí ó ń ṣe òwò nàbì ní Mẹ́síkò, tí ó jáde ní ọdún 2005, fi hàn pé owó tí wọ́n ń gbà fún ìbálòpọ̀ tí kò ní kọ́ńdọ̀mù fi ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èyí tí ó ní in lọ. Bí obìnrin kan bá kọ̀, oníbàárà lè lọ bá ẹlòmíràn, èyí sì ni ìjọba Thailand wò tí wọ́n fi gbé òfin kalẹ̀ ní ọdún 1991 káàkiri orílẹ̀-èdè wọn pé gbogbo ilé tí wọ́n ti ń ṣe òwò náà gbọ́dọ̀ fi kọ́ńdọ̀mù ṣe dandan, kí ó má baà sí ilé kan tí owó ti lè ra àìlò rẹ̀. Ní ọdún 1989, nǹkan bí ìpín 14 nínú ọgọ́rùn-ún irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lo kọ́ńdọ̀mù fún níbẹ̀. Kí ọdún 1993 tó parí, ó ti ju ìpín 90 lọ.

Mo ní láti sọ ohun kan fún un tí ó dùn mí láti sọ. Oògùn kan wà, PEP ni a ń pè é, tí ẹni tí ó bá ti kó sínú irú ewu bẹ́ẹ̀ lè lò fún ọjọ́ 28 kí kòkòrò HIV má baà ráyè fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, bí ó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni ó dára tó. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi pẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin tí ó ń gbowó ni a ń bá sọ̀rọ̀ PEP àti PrEP, ìyẹn oògùn tí à ń lò ṣáájú kí ewu tó dé, nígbà tí a bá jáde lọ sí àdúgbò, a kì í sì í rí àwọn ọkùnrin bá sọ ọ́, nítorí pé wọn kì í dúró.

Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí egbò kéékèèké tí ó kù díẹ̀ kí ó jinná lójú ara rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó máa ń yọ, tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ìpara ni òun máa ń fi pa á, tàbí kí òun ra oògùn apakòkòrò lo. A fi òwú nu ojú egbò náà, a fi ránṣẹ́ sí lábù, èsì sì jáde pé kòkòrò HSV-2 ni, èyí tí ó ń fa àrùn hápíìsì abẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn apakòkòrò tí à ń lò fún àtọ̀sí kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Kò lọ rí láàárín ọdún márùn-ún náà, ńṣe ni ó ń sinmi nínú iṣan ìmọ̀lára tí ó sì ń padà wá. Ó lè ran ẹlòmíràn nígbà tí egbò kankan kò sí níta, kọ́ńdọ̀mù sì ń dín ewu rẹ̀ kù, kò mú un kúrò pátápátá, nítorí kì í ṣe gbogbo awọ ara tí kòkòrò náà lè wà ni ó ń bò.

Egbò yìí ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Awọ tí ó ti bó jẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, ara sì máa ń kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an sì ni HIV ń wá láti wọ̀ sínú. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé HSV-2 máa ń sọ ewu àtikó HIV di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Láti ọdún 1989 ni ìwádìí kan láàárín àwọn ọkùnrin 293 ní Nairobi, tí wọ́n kó àrùn lára àwọn obìnrin tí wọ́n sanwó fún, ti fi hàn pé 24 nínú wọn ti kó HIV kí wọ́n tó parí àbójútó wọn, àwọn tí ó ní egbò abẹ́ sì wà lára àwọn tí ewu náà pọ̀ fún jù. Oríṣi egbò tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà yàtọ̀ sí ti hápíìsì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé kò yàtọ̀.

A sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọjọ́ karùndínláàádọ́ta, tàbí lójú ẹsẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó sì máa lo kọ́ńdọ̀mù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ títí di ìgbà náà. Ó ní, "Mà, kí ni mo máa sọ fún un? Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, a ò lò ó rí." Kò fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní òun yóò sọ pé dókítà ń tọ́jú òun fún àìsàn ìtọ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí mo rò pé irọ́ tí ó ń dáàbò bo obìnrin náà sàn ju òótọ́ tí kò ní sọ lọ. Mo ti ro ìpinnu yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, n kò sì lè sọ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí irọ́ náà kò pẹ́ tán: ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lo kọ́ńdọ̀mù, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ìyàwó rẹ̀ bi í pé àìsàn ìtọ̀ wo ni kì í tán, ó sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ibà dé. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan tí ó sún mọ́ ilé rẹ̀, ọ̀fun ń dùn ún, orí ń fọ́ ọ, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà àti oògùn ọ̀fun. Wọ́n bi í nípa oúnjẹ, wọ́n bi í nípa omi, wọ́n bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń ṣàìsàn. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí HIV bá wọlé ni irú ibà bẹ́ẹ̀ máa ń yọ, ó sì jọ ibà mìíràn débi pé ìbéèrè nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ara rẹ̀ sú láti àyà dé ẹ̀yìn, kókó ọrùn rẹ̀ sì wú. Ó rántí ohun tí mo sọ, ó sì wá bá wa ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú.

A tún gún un ní ìka. Ìlà kan ṣoṣo ni ó tún yọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kọ àkọsílẹ̀ yìí, ibí yìí ni. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú iṣan rẹ̀ lọ sí lábù jáde ní aago mẹ́ta ọ̀sán pẹ̀lú p24 nínú rẹ̀, nígbà tí a sì ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú mìlílítà kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, nígbà tí ara kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù, tí ẹni tí ó ní in sì lè ran ẹlòmíràn jù, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kan náà sì ni àyẹ̀wò ìka ń sọ fún un pé kò sí nǹkan. Láàárín ìgbà náà, ọkùnrin tí ó ní ìwé àyẹ̀wò mímọ́ lápò lè máa fi hàn ìyàwó rẹ̀, kí ó sì máa fi hàn obìnrin tí ó fẹ́ sanwó fún, láìparọ́.

Mo bi í nípa ìgbà tí ó bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ kẹ́yìn láìlo kọ́ńdọ̀mù. Alẹ́ Ọjọ́ Ajé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀: wákàtí 41 ti lọ. PEP tí ó ti kọjá lórí òun kò tíì kọjá lórí ìyàwó rẹ̀, títí di aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ fún un ní Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn ọmọ kò ní sí nílé. Mo ní, "Sà, Àbámẹ́ta ti pẹ́ jù fún un, bí ó ṣe pẹ́ jù fún yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá." Àṣírí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, n kò sì lè pe ìyàwó rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Kò bẹ̀rù àrùn mọ́ nígbà náà. Ohun tí ó ń tún sọ ni pé ìyàwó òun yóò mọ̀ pé òun ń sanwó, pé bí ó bá jẹ́ àlè kan ṣoṣo ni, yóò rọrùn fún un láti sọ. Mo ní kò pọn dandan kí ó sọ gbogbo ọdún mẹ́fà lóru ọjọ́ kan, ohun tí ara obìnrin náà nílò kí aago mẹ́wàá tó lù ni kí ó mọ̀ pé ewu wà, kí ó sì wá. A jọ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí yóò sọ sílẹ̀ lórí ìwé, ó kà wọ́n fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, dolutegravir pẹ̀lú tenofovir àti lamivudine, nínú hóró kan lóòjọ́.

Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì wọlé. Wákàtí 61. Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó. Èmi ni ó dojú kọ, ó ní, "Mà, ẹ fún mi ní oògùn náà ná, ọ̀rọ̀ yòókù á dúró dè mí." A ṣe àyẹ̀wò fún un kí a tó fún un, àyẹ̀wò náà kò rí HIV, ó sì gbé hóró àkọ́kọ́ mì lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó jókòó, tí ó sì sunkún.

Kì í ṣe HIV nìkan ni a yẹ̀ wò. Nínú kòkòrò mẹ́jọ tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri jù, mẹ́rin ni oògùn lè wò sàn pátápátá, mẹ́rin yòókù sì jẹ́ fáírọ́ọ̀sì: HIV, HSV, HPV àti èyí tí ó ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú B. Àwọn méjèèjì kò ní mẹ́dọ̀wú B, wọn kò sì ní ààbò sí i, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wọn, mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Ọkùnrin náà ní kí a yẹ HPV wò lára òun, mo sì ní láti sọ fún un pé kò sí àyẹ̀wò tí a fọwọ́ sí fún yíyẹ̀ ẹ́ wò lára ọkùnrin tí kò ní àmì kankan. Lára obìnrin ni a ti ń wá a, ní ẹnu ilé-ọmọ, nítorí pé oríṣi rẹ̀ méjì, 16 àti 18, ni ó ń fa nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe àyẹ̀wò náà rí. Ó ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà, kò sì sí nǹkan.

Ó bi mí nígbà kan pé ta ni ó kó o ran òun. Mo ní n kò mọ̀, n kò sì ní sọ ohun tí n kò mọ̀. Ìbálòpọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà bá àkókò tí ibà dé mu, ṣùgbọ́n obìnrin náà lè ti kó o lára ọkùnrin mìíràn tí ó fi owó kún owó bíi tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ó má sì tíì mọ̀, nítorí àyẹ̀wò kan náà tí ó tan ọkùnrin yìí jẹ lè tan òun náà jẹ.

Ìyàwó rẹ̀ lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìfo ọjọ́ kan. A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, HIV kò sí. Iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti wálẹ̀ dé abẹ́ 50 kí oṣù kẹfà tó pé. Wọ́n béèrè bóyá àwọn ṣì lè jẹ́ tọkọtaya, mo sì sọ fún wọn nípa ìwádìí PARTNER tí ó jáde ní ọdún 2016, nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn tọkọtaya àti olólùfẹ́ tí ọ̀kan ní HIV tí èkejì kò ní, tí kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kó o lára ẹnì kejì rẹ̀ nígbà tí kòkòrò náà kò ṣe é rí mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbálòpọ̀ tí wọ́n ní láìlo kọ́ńdọ̀mù ju 50,000 lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbọ́. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ṣì wà nínú ilé kan náà, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹnì kẹta ni ó kù, ìyẹn obìnrin tí ó gba owó ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti Ọjọ́rú yẹn ni mo ti ń bẹ ọkùnrin náà pé kí ó ràn wá lọ́wọ́ láti rí i, kí òun náà lè ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì gba oògùn bí ó bá yẹ. Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ka oṣù mẹ́ta yẹn sí èyí tí ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ara kan wà ní ìta tí a lè ràn lọ́wọ́, tí a kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní ìbẹ̀wò oṣù kẹta, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì ka nọ́ńbà kan fún mi láìgbójú sókè. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí ó ń mójú tó irú ìpè bẹ́ẹ̀ pè é, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi í sínú ewu, àti pé àyẹ̀wò àti oògùn wà fún un láìsan owó. Ọjọ́ kẹrin ni ó wá, òun nìkan, ní àárọ̀ kùtù kí èrò tó dé. A ṣí fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀.